Ìrọ̀rí Tí Mo Fi Tẹ́ Ọmọ Abibat Sùn

Abibat, má tíì gbé ọmọ náà wọlé. Jókòó, gbé e mọ́ra. Ẹ̀yin ará Òkè-Ṣopẹn tí ẹ wá bá wa sọ ọmọ lórúkọ, ẹ má tíì dìde. Àìsàn yìí ti fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ lára mi, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ ilẹ̀ lọ. Èmi Hannah, tí ẹ ń pè ní Màmá Tíṣà, ọwọ́ mi ni àkọ́bí Abibat, ìyàwó Gbénró ọmọ mi, kú sí.

Ẹ rántí ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè gbé bèbí rọ́bà wá kọ́ àwọn ìyá pé kí ọmọ jòjòló máa fi ẹ̀yìn sùn níbi tó tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ nítòsí imú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Lará ti ilé ìwòsàn wa ní kí èmi máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹnu mi gbà á, ọwọ́ mi kò gbà á.

Nígbà tí Abibat bí, èmi ni mo ń wẹ ọmọ náà, bí ìyá ọkọ ti í ṣe. Mo fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ fi àyà rẹ̀ lélẹ̀ lórí ìrọ̀rí òwú tí mo fi tọ́ bàbá rẹ̀. Abibat, ọmọ apẹja Òde-Omi tí kì í gbó mi lẹ́nu, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó fi ẹ̀yìn sùn. Mo bi í bóyá orí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń tukọ̀ ló fẹ́ fún ọmọ Gbénró. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé garawa, ó lọ fọ aṣọ lẹ́yìn ilé.

Mo fi àyà ọmọ náà lélẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó sì sùn fọnfọn. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, inú mi ń dùn sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Òmùgọ̀ obìnrin. Nígbà tí mo wọlé, imú rẹ̀ ti wọnú ìrọ̀rí, kò mí mọ́. Mo pè é. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Abibat ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti yí òkú ọmọ náà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, mo ti ìrọ̀rí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì Lará bi mí bó ṣe sùn. Mo ní, “Ẹ̀yìn ló fi sùn, bí ẹ ṣe kọ́ wa.” Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló pa ọmọ-ọmọ Màmá Tíṣà, tí ẹ sì ń fi àyà àwọn ọmọ yín lélẹ̀. N kò mọ iye ọmọ tí irọ́ mi ti pa. Abibat ń kúnlẹ̀ fún mi, ó ń sunkún pé agídí òun, pé kó fi ẹ̀yìn sùn, ló pa ọmọ òun. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé mo ti dárí jì í.

Lónìí, kí ẹ tó dé, ó jókòó tì mí. Ó ní, “Màámi, ti èyí, bí ẹ ṣe fẹ́ ni mo máa ṣe é.” Ó ti fọ ìrọ̀rí náà, ó ti sá a sóòrùn.

Abibat, ọmọ mi, èmi ni kí n kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ìdáríjì lè dúró. Gbé ọmọ náà wọlé wàyí, fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Ìrọ̀rí yẹn, fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ fi í sábẹ́ orí mi nínú pósí.