Ohùn Ìyá Aṣòfin

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́fun, ó sì ti tó gẹ́ẹ́ kó jáde. Ẹni tó ni ín ti bẹ̀ mí pé bí mo bá máa sọ ọ́, kí n má ṣe gbè sẹ́yìn òun, nítorí náà n kò ní í gbè é. Olúṣẹ̀san, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Dubai Marina nígbà náà, tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ní Sharjah lẹ́bàá Dubai, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìdìbò jẹ́ ní ìlú ọba, tó sì sọ ìyá àgbàlagbà kan di odi. Kò dé ìlú ọba rí. Kò tilẹ̀ mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń mú. Ẹnu lásán ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnu tó fi ń jẹun.

Kò sí ohùn tí Olúṣẹ̀san kò lè sín jẹ. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tirẹ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohùn ọ̀gá wọn tó máa ń lé wọn pé kí wọ́n ṣe kíá ni yóò kọ́kọ́ wọlé: "Yalla, yalla! No sitting, my friend!" Àwọn tí wọ́n jọ háyà yàrá á ta gìrì dìde, wọn á wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn ni, ta ló máa sọ pé kì í ṣe ẹ̀bùn? Àmọ́ àléébù kan wà nínú ẹ̀bùn náà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló rí i. Mùráínà ni, ẹ̀gbọ́n gbogbo yàrá, tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Al Baraha ní Dubai. Lọ́jọ́ tí Olúṣẹ̀san jẹ ẹran inú ìkòkò Mùráínà tán, ohùn ọ̀gá yẹn náà ló fi bẹ̀ ẹ́: "So sorry, habibi. Khalas, finish." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n, Mùráínà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣẹ̀san, gbogbo ìgbà tó o bá ṣẹ̀ mí, ẹlòmíì ló máa ń bẹ̀ mí. Ìwọ fúnra ẹ ò bẹ̀ mí rí."

Níbi tó ti ń fi ohùn ọ̀gá dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára yá lẹ́nu géètì ni Dáúdà ti gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá ni Dáúdà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè nínú ilé gogoro náà, lọ́fíńdà rẹ̀ á ti dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn tí kò fẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n gbé ọ̀rọ̀ káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pe Olúṣẹ̀san wọlé, ó fún un ní tíì, ó ní kó jókòó sórí àga tó ń yí.

"Àbúrò, o kàn ń fi talent ṣòfò nínú oòrùn ni," ló wí. "Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. Tó o bá ṣe é, màá yí visa ẹ sí ti office. O ò ní dúró mọ́ láyé ẹ."

Iṣẹ́ náà rèé. Aṣòfin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Ọlájíre, ọmọ Yorùbá, àwọn Yorùbá sì kún ìlú tó ń ṣojú fún fọ́fọ́. Àyà rẹ̀ dédé daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú. Bí aṣòfin bá kú lọ́hùn-ún, ìlú tó ń ṣojú fún nìkan ni yóò tún jáde dìbò láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. By-election ni wọ́n ń pè é. Adétóun, ìyàwó olóògbé, ló jáde díje. Àwọn kan tó ń san owó fún Dáúdà kò fẹ́ kó wọlé. Wọ́n ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé kò sí ẹni tí àwọn Yorùbá ìlú yẹn máa gbọ́ tirẹ̀ ju ìyá olóògbé lọ. Ìyá yẹn ń gbé lọ́dọ̀ Adétóun.

"Ẹ ò ṣe lo ẹ̀rọ?" Olúṣẹ̀san béèrè. "Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣe ohùn èèyàn báyìí."

Dáúdà pòṣé. "A ti lò ó. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá. A ní kó pe ọkọ, ó pe ọkọ́. A ní kó sunkún ọmọ ẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń kéde ibùdó inú ọkọ̀ ojú irin metro. Ẹnu èèyàn la fẹ́."

Ó fún un ní fídíò ìsìnkú. Ìyá dúró létí sàréè pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àkànmú. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ó sì máa ń béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé, "Àbí n ò sọ ọ́ re?" Lórí àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà ni Olúṣẹ̀san ti ń kọ́ ọ. Ó kọ́ ìmíkanlẹ̀ náà, ó kọ́ híhá ohùn náà. Ó ń kọ́ ohùn ẹni tó ń sin ọmọ rẹ̀, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni àga tó ń yí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn náà sórí fóònù, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ sọ: pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun sinmi, ọ̀fọ̀ ṣì tutù lára rẹ̀. Dáúdà mi orí. Ó ní àánú nìyẹn máa mú ṣe wọ́n, wọ́n á sì dìbò fún un. Ó wá sọ èyí tó fẹ́ fún un. Olúṣẹ̀san ranjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé obìnrin yẹn pa ọkọ ẹ̀ ni?"

"Kò pa á. Àyà ló pa á, hospital ti sọ."

"Kí la wá fẹ́ sọ yìí?"

"Politics ni. Yalla, bẹ̀rẹ̀."

Kò sí ẹni tó na ìbọn sí i. Ilẹ̀kùn kò tì, bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó lè dìde kó máa lọ. Olúṣẹ̀san mí kanlẹ̀, ìyá sì jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, èmi ìyá Ọlájíre ni. Ẹ má dìbò fún Adétóun. Adétóun mọ ohun tó pa ọmọ mi. Oúnjẹ ọwọ́ ẹ̀ ni Àkànmú jẹ kẹ́yìn. Àbí n ò sọ ọ́ re?" Nígbà tó parí, Dáúdà ní ó dáa. Olúṣẹ̀san ló ní rárá, pé ẹkún ìparí yẹn kò tíì dùn tó, ó sì tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí òun náà kì í gbàgbé rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Inú rẹ̀ dùn sí ẹkún náà.

Ohùn náà gba orí Wasáàpù, ó wọ gbogbo ilé Yorùbá ní ìlú yẹn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa: kí ìyá ọkọ sọ pé ìyàwó mọ̀ nípa ikú ọmọ òun, ta ló máa dúró béèrè ẹ̀rí? Ọ̀pọ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò. Ìbò díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi ju Adétóun lọ.

Dáúdà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Olúṣẹ̀san bọ́ aṣọ ẹ̀ṣọ́, ó jókòó sórí àga tó ń yí nínú ọyẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ àga ò gbà á. Á jókòó, á dìde, á lọ mu omi tí òǹgbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì Sharjah, bí obìnrin àgbàlagbà kan bá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀ tirẹ̀. Àwọn ará yàrá béèrè pé kí ló dé tí kì í sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi tí kò lè dá jókòó, ó tẹ̀lé Mùráínà lọ sí Al Baraha láti bá a di páálí.

Ibẹ̀ ló wà, tó ń fi téèpù dí ẹnu páálí kan, tí Àǹtí Lateefat fi wọlé. Ìlú ọba ni obìnrin yìí ń gbé, ó máa ń wá ra léèsì àti ìborùn ní ọjà Deira, Mùráínà á sì bá a kó o lọ sí Èkó. Mùráínà kí i, ó bi í pé, "Ìlú yín ńkọ́? Ẹ̀yin tí ìyá ọkọ tú ìyàwó fó lójú ayé."

Lateefat sọ báàgì sílẹ̀. "Alàájì, ẹ má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni Adétóun. Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí."

"Àìsàn ni?"

"Màmá ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ wọn tó kú. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á gbàgbé. Ìgbà tí voice note yẹn dé, Adétóun gbé e sí wọn létí, ó ní, 'Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?' Màmá gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n ní, 'Ohùn mi nìyí. Ìgbà wo ni mo sọ ọ́?' Wọn ò rántí. Báwo ni wọ́n ṣe máa rántí? Adétóun náà ò lè sẹ́ ẹ fáráyé, torí Màmá fúnra wọn ò lè sọ pé àwọn kọ́. Wọ́n ní ẹnu tó bá lè sọ irú èyí tí àwọn ò fi mọ̀, àwọn ò ní ṣí i mọ́. Látìgbà náà, kẹ́kẹ́. Dókítà ní ọpọlọ ti lọ. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ mú wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó, torí inú ilé yẹn ò ṣeé gbé fún àwọn méjèèjì mọ́."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Olúṣẹ̀san. Ó rò ó pé òun ba obìnrin kan lórúkọ jẹ́ ni, kò mọ̀ pé òun ti gba orí ìyá mọ́ ìyá lọ́wọ́.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo sọ ọ́. Màmá ò sọ nǹkan kan."

Mùráínà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà rẹ̀ ló tún dé. Nígbà tí Olúṣẹ̀san ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ láti orí tíì Dáúdà títí dórí ẹkún tó tún ṣe, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Lateefat dìde, ó na ọwọ́ bí ẹni máa gbá a létí, ọwọ́ náà dúró lókè. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ náà ní ìyá?"

Mùráínà fà á lápá lọ sẹ́yìn àwọn páálí. "Ṣẹ̀san, ṣé o mọ ìlú tá a wà? Tí wọ́n bá gbọ́ pé o fi fóònù purọ́ mọ́ èèyàn, ẹ̀wọ̀n ni, lẹ́yìn náà deport. Dáúdà á ní òun ò mọ̀ ẹ́ rí. Visa ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Jẹ́ ká wá ọgbọ́n míì dá."

Olúṣẹ̀san ń ronú àga tó ń yí, ó ń ronú ìyá rẹ̀ tó ti ń sọ ládùúgbò pé ọmọ òun di ará ọ́fíìsì. "Ẹ̀gbọ́n, lọ́la ni wọ́n ń mú wọn lọ," ló kàn wí, ó sì padà lọ bá Lateefat. "Àǹtí, ẹ bá mi pè wọ́n."

Adétóun gbé fóònù. Lateefat ṣí i kí gbogbo wọn lè gbọ́. Olúṣẹ̀san jẹ́wọ́ fún un, ó ń kólòlò.

"Ta ló tún rán ẹ?" ni Adétóun wí. "Ìbò ti lọ, kí lẹ tún ń wá? Ìyá ọkọ mi tí mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, kí ọkùnrin kan wá sọ pé òun ni? Irọ́ lo ń pa!"

"Màmá ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n wà nítòsí?"

"Wọ́n wà níbí. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Kò sí ẹ̀rí míì lọ́wọ́ rẹ̀. Olúṣẹ̀san di ojú, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, èmi ìyá Ọlájíre ni. Ẹ má dìbò fún Adétóun..." Lateefat fi ọwọ́ bo ẹnu. Mùráínà bẹ̀rẹ̀ sí í wí "Lahaola" lábẹ́lẹ̀. Ìró àga tí wọ́n fà lórí ilẹ̀ dún lọ́hùn-ún. Olúṣẹ̀san sọ ọ́ dópin, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rù sì ti dè é mọ́ inú ohùn náà, kò rí ọ̀nà jáde. Ohùn ìyá náà ló fi ń sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ ṣàánú mi. Ayé ló tàn mí, àbí n ò sọ ọ́ re?"

"Ṣẹ̀san, dákẹ́!" ni Mùráínà kígbe.

Ohùn kan náà wá ti inú fóònù jáde, ṣùgbọ́n ó há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń wá ọ̀nà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ìyàwó mi."

"Màmá!" Adétóun bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀!"

"Ìyàwó mi, n ò pè ẹ́ ní Adétóun rí."

"Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, Màmá. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Inú ló bí mi, n ò kíyè sí i."

Wọ́n sunkún pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá sún mọ́ fóònù.

"Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Mà," ni Olúṣẹ̀san dáhùn, ohùn ìyá náà ló ṣì fi dáhùn.

Ìyá mí kanlẹ̀. "Gbé ohùn mi sílẹ̀. Fi ohùn tìẹ bẹ̀ mí."

Olúṣẹ̀san la ẹnu. Ohùn ọ̀gá ló kọ́kọ́ wá, ó gbé e mì. Ti Dáúdà wá, ó gbé e mì. Ó dúró báyìí, ó ń wá ohùn kiri nínú ara rẹ̀, òógùn ń bọ́ sórí páálí. Nígbà tí ó rí i, ohùn tín-ínrín kan ni, tí Mùráínà tó ti ń bá a gbé yàrá látọjọ́ yìí kò gbọ́ rí.

"Màmá," ló wí, "Olúṣẹ̀san lorúkọ mi."