Òkúta Tí Mo Tò Kọ́ Ló Wó

Omi kẹ̀? Ẹ gbé omi yín, Bàbá Àbáyọ̀mí, mi ò mu. Mi ò wá mumi. Ẹ má fi àga lọ̀ mí, ìdúró yìí náà tó mi, torí bí mo bá fi lè jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹkún ni màá bú sí, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ará ilé yín wá máa wo Rauf bó ṣe ń sunkún bí ọmọdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ní Toll Gate, mi ò mọ ìgbà tí a dé Ìjokó, àfìgbà tí kọ̀ndọ̀ ní kí n bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ yẹn kọjú sí ògiri! Jemimah tó ń jókòó ní resẹ́pṣọ̀n ilé iṣẹ́ yín, tó máa ń pariwo "Bọ̀dá Rauf, ẹ kú iṣẹ́ òkúta o" kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní dókítà ní dígí ti gé iṣan ọwọ́ ọ̀tún, ìka méjì kò ní ká mọ́. Ìka tó fi ń dirun, Bàbá! Ṣebí òun ló ń dirun ọmọ yín obìnrin lópin ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni Jemimah tó lanu, kò wojú mi o, ó ní, "Bọ̀dá Rauf, ẹ búra fún mi." Ó tán. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sì búra lóòótọ́. Wálláhì, mo búra! Ọjọ́ tí mo to òkúta yẹn tán, kí a tó da omi iyọ̀ sínú àpótí dígí tí ẹja máa gbé, òun ló bi mí pé ṣé òkè gogoro yìí kò ní wó, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ dígí náà ni tábìlì òun wà. Mo ní kó sún mọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí òkúta tí mo fi ṣe afárá lókè rẹ̀, mo gbé gbogbo ara lé e títí ẹsẹ̀ mi fi kúrò nílẹ̀. Kò mì. Mo ní, "Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, kò lè wó." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà mí gbọ́. Látìgbà tí ẹja ti dé ló ti ń bá mi fún wọn lóúnjẹ láràárọ̀.

Ẹ ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀? Èmi tí mo ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ látọjọ́ Ajé, òní sì ti di Ọjọ́bọ̀! Ta ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ yẹn? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin Fóòmàn, tí ìmọ́tótó àti àtúnṣe gbogbo wà lábẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ sọ fún Madam Oyèbọ́lá, máníjà yín, pé ẹ mọ ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ń to òkúta sínú dígí ẹja inú òkun, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ sì rí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo tẹ́ páálí sílẹ̀ níta, mo gé e bá ìsàlẹ̀ dígí mu, orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tò ó sí, mo tò, mo tú, mo tún tò, títí ẹ̀yin fúnra yín fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbí ilé ìyàwó kejì ni mò ń kọ́. Mo ní ilé ẹja ni. Mo ní òkè ńlá lápá òsì, kékeré lápá ọ̀tún, àlàfo láàárín kí ojú lè rìn wọnú, kì í ṣe kí á kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan bí ààtàn. Mo ní kí ẹja kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, torí èyí tí kò bá níhò, ìjà ni yóò máa jà títí yóò fi kú. Mo ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín òkúta àti dígí yí ká, kí omi lè ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kí òkúta má fara ti dígí láé! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ ọ́ létí yín?

Igi ńkọ́? Òkúta inú òkun kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kò tẹ́jú, kò jókòó lórí ara rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ki igi oníke funfun bọ̀ ọ́, igi tí iyọ̀ kò lè jẹ, tìsàlẹ̀ di tòkè mú. Igi mẹ́sàn-án. Mi ò fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, torí mo fẹ́ kó ṣeé tú bí ẹja bá há sínú rẹ̀. Ìyẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ká ní mo lẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tú u bí?

Ṣíámàn ilé iṣẹ́ yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ni Madam bá wo òkúta, ó ní ó ti ṣe elése àlùkò, ó ti ṣe bí ewé, pé ó dọ̀tí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi retí àwọ̀ yẹn! Àwọ̀ yẹn ló fi hàn pé òkúta ti di ààyè. Inú ihò rẹ̀ ni ohun tó ń jẹ ẹ̀gbin omi ń gbé, ojú kò rí i, òun ni kò jẹ́ kí ẹja kú. Iyùn mẹ́ta tí mo gbìn sórí afárá ti ń hù. Iyùn, Bàbá, ohun tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn, ó wà láàyè níbẹ̀, ó ń yanu jẹun. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta láàárọ̀ Sátidé, ẹ da bílíìṣì lé e, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á bí ẹni ń ha ìkòkò tó jóná. Súbùhánálláhì!

Mo gbọ́, Madam ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ ní ẹ rò pé òkúta kò ju òkúta lọ. Ó dáa. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn, pé bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, ká fọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ lè tó, ìyá tèmi náà a máa fọ òkúta ìdáná. Ẹja kú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kó òkú wọn dànù, ẹ ò pè mí. Mo fi ìyẹn náà jì yín.

Àtúntò yẹn ni mi ò lè fi jì yín! Igi ti já bọ́, ẹ ò mọ ohun tó wà fún, ẹ bá kó òkúta gun orí ara wọn, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ti dígí kó má baà ṣubú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá Jemimah sọ fún mi lónìí? Ó ní ọmọ òun gbọ́ tí òkúta ń dún ké, ké, ké, kó tó wó. Ó gbọ́, kò sì sá! Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ torí pé Bọ̀dá Rauf ti búra. Ìgbà tí òkúta fọ́ dígí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́. Ìbúra mi ló dè é mọ́ àga, Bàbá Àbáyọ̀mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn?

Madam wá bèèrè níwájú gbogbo yín pé ta ló tò ó. Ẹ ní Rauf ni. Òótọ́ ni, àbí? Ẹ kàn fi ìdajì òótọ́ sẹ́nu, ẹ gbé e mì. Mo ní kí wọ́n wá igi mẹ́sàn-án, wọ́n ní igi kankan kò sí, pé òpùrọ́ ni mí, ẹ sì wolẹ̀.

Mo wá wọ ọgbà yín lónìí, kí ni mo rí? Ẹ ò tilẹ̀ fi pa mọ́! Ata tí ẹ gbìn sínú ike ọ̀dà lẹ́nu ilẹ̀kùn yín yìí, kí ni ẹ fi gbé e dúró, bí kò ṣe igi funfun mi? Ẹ ní ẹ rí i nílẹ̀ ni, pé ó ṣì dáa, pé ẹ ò lè dà á nù. Mo mọ̀ yín, ẹ kì í da nǹkan gidi nù. Àfi èmi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ẹ má kúnlẹ̀! Àgbàlagbà ni yín, ẹ dìde, ẹ má kó bá mi. Mo mọ̀ pé ó ku ọdún méjì kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ má lọ bá Madam, ẹ má lọ bá Ṣíámàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní òpùrọ́ títí ayé. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ lọ bá. Mi ò ní ṣépè, torí mo jẹ iyán nílé yìí.

Ẹ wò ó, mò ń fa igi yìí yọ. Ẹyọ kan péré. Ṣé ẹ rí ata yín? Èmi kọ́ ni mo tì í o, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Ó ti dùbúlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa lọ sọ fún Jemimah nìyẹn, pé igi ló kúrò kí òkúta tó wó. Ẹ gba igi yìí dání. Ẹ wọ bàtà yín.