Àpótí Tí Mo Gbé Síwájú Ọkọ̀

Ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Mo rí i pé ẹ ti ń di ara yín lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi kí ẹ tó pe orúkọ Ọlọ́run lé mi lórí. Bóyá tí ẹ bá gbọ́ tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dìde kúrò nínú yàrá yìí. Dókítà ti sọ fún yín pé ó ti rẹ ọkàn mi. Òun kò mọ ohun tó ti ń rù láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Máfolúkù. Ẹ̀gbọ́n mi Olúyínká, ẹ jókòó. Ìyàwó wa Ṣubúọlá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ jù. Ẹ̀rù yín ń bà mí bí mo ṣe ń wò yín yìí. Ó ti ń bà mí láti ìgbà tí orí mi ṣì dúdú, n kò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ kò mọ ìgbà yẹn. Owó epo ti dé. Ìjọba ti san owó Údójì, àfikún owó oṣù, gbogbo ojúlé ló ń gbé rédíò tuntun wọlé, àwọn onílé sì ń wó ilé alámọ̀ kí wọ́n lè fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀. Onílé tiwa náà fẹ́ kọ́ tirẹ̀, ó ní ká kó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wá gba ilé fún gbogbo wa ní Òkè-Àfà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni kí n máa gbá inú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bí èrò bá sọ̀ tán, àwa la máa wọlé, a ó nu ìjókòó, a ó kó ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn kọ́míìkì tí àwọn ọmọ òyìnbó kà tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn ìwé aláwòrán tí àwọn ènìyàn inú wọn ń fò, tí wọ́n ń jà, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà nínú òbìrí funfun lókè orí wọn. Ọ̀gá wa ní kí n máa mú wọn lọ. Mo ń kó wọn jọ títí wọ́n fi kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú ilé tí a ti ń pín ẹní, tí a ń pín ṣẹ́ẹ̀tì, tí a ń pín búrọ́ọ̀ṣì pàápàá, àwọn nìkan ni ohun tó jẹ́ tèmi. N kò fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa kó súnmọ́, n kò ro ti ìkòkò ìyá wa, n kò ro ti bẹ́ẹ̀dì. Mo wá àpótí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi kó tíì wá láti òkè òkun. Mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù sí i nínú. Mo to àwọn ìwé náà ní ìdùbúlẹ̀, nítorí bí ìwé bá dúró lóòró nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ á ká. Mo fi páálí sáàárín wọn, mo fọ́n káńfọ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan nítorí aáyán. Ẹ ò rí i bí mo ṣe mọ ìtọ́jú tó! Èmi tí mo lè ṣìkẹ́ bébà báyìí! Òjò nìkan ni n kò rí ọgbọ́n dá sí. Ìgbà òjò sì la wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá wa ti ṣáájú lọ sí Òkè-Àfà láti gbá ilé sílẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣọlá, o rí i pé ìyàwó ti di abara méjì. Iwájú ni kó jókòó o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ̀rẹ́bà. Má jẹ́ kó gun orí ẹrù. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín dáadáa.

Dáúdà lorúkọ dẹ̀rẹ́bà tí mo háyà. Ó jù mí lọ, ó rọra ń sọ̀rọ̀, òun nìkan ló sì máa ń wa lọ́rì rẹ̀ kékeré náà. Ìjókòó kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí a kó ẹrù sẹ́yìn tán, mo gbójú sókè, mo rí i pé òjò ti ṣú dùdù lápá Àjàó. Mo wo ìbòrí ẹ̀yìn lọ́rì, ó ti ya yánnayànna. Mo wo àpótí mi. Mo wá wo ìjókòó iwájú yẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni èṣù wọ inú mi, àbí kí n má purọ́ mọ́ èṣù: ìgbà yẹn gan-an ni mo rí ẹni tí mo jẹ́. Mo gbé àpótí náà, mo tì í sórí ìjókòó yẹn, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyàwó jáde wá, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Ó ní, “Ọkọ mi, ṣé kí n máa gòkè?” Mo sún mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má gbọ́. Mo ní, “Dẹ̀rẹ́bà yìí ní èèwọ̀ ni kí aboyún jókòó síwájú mọ́tò òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀.” Dáúdà wà lódìkejì tó ń so okùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó wò ó, ó pòṣé, ó ní, “Ṣé obìnrin kọ́ ló bí òun ni? Ọlọ́run ń wò ó.” Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ gòkè. Èmi náà ni mo tẹ́ tìmùtìmù fún un lórí ẹrù.

Dáúdà so okùn tán, ó dé. “Ọ̀gá, ìyàwó dà? Mo ti nu iwájú sílẹ̀ dè é.” Mo ní òórùn pẹtiróòlù ń rùn sí i, èébì ń gbé e, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló fẹ́. Ó ya ẹnu. “Aboyún? Lórí ẹrù? Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀.” Irọ́ méjì ni mo ti pa yẹn, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé. Mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, “Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, inú ń bí i. Ẹ sáà rọra wà á.” Ó mi orí, ó ṣe bísímílà, ó bọ́ sídìí ọkọ̀. Ó sì rọra wà á lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ó rọra wà á.

A ti kọjá Ìsọlọ̀ nígbà tí òjò dé. Kòtò pọ̀ lójú títì, omi sì ti bò wọ́n. Èmi àti ìyàwó la wà lẹ́yìn. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn orí dẹ̀rẹ́bà, ibẹ̀ ni mo kojú sí, mò ń yọjú wò bóyá omi ń kán sórí àpótí mi. Típà kan tó ru yanrìn ya wá bá wa lójijì, Dáúdà sì yà fún un, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan wọ kòtò. Tìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ọkọ mi, ẹ dì mí mú!” Kí n tó yíjú, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Dáúdà ti fò sílẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó gbé e kúrò nínú omi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára aṣọ rẹ̀, ó ń ké, “Ọ̀gá, ẹ ṣí iwájú! Ẹ ṣí iwájú ká gbé e lọ sí ọsibítù!” Mo sáré lọ ṣí i. Àpótí náà ló kọjú sí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ènìyàn ì bá jù ú sínú kòtò. Èmi kò jù ú. Mo rọra gbé e sáyà, mo gbé e lọ sábẹ́ ìsọ̀ káfíńtà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, mo wá ibi tó gbẹ, mo gbé e lé orí pákó kí omi ilẹ̀ má bàa kàn án, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara mi, mo fi bò ó. Lẹ́yìn náà ni mo padà. Nínú òjò yẹn, Dáúdà dúró, ó gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lápá, ó ń wò mí. Ó ní, “Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀ yẹn?” Mo di ẹsẹ̀ ìyàwó mú, a gbé e wọ iwájú.

Ọmọkùnrin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Kò sunkún rárá. Ìyàwó kò mọ ibi tó wà, ẹ̀gbọ́n mi ń fi orí gbá ògiri, gbogbo wọn ń bẹ Ọlọ́run kó jí. Èmi náà kúnlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n fi èyí pamọ́: ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé tí yóò bá jí, kó má lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Dẹ̀rẹ́bà yẹn ló lé mi kúrò níwájú.” Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi o, inú mi dùn.

Wọ́n ti Dáúdà mọ́ sítéṣọ̀n. Ó ní kí wọ́n pe èmi, ó ní èmi ni mo mọ òtítọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó dìde bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wọn. Ṣé ẹ ò sọ fún mi pé ìyàwó ló ní ẹ̀yìn lòun fẹ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ọlọ́pàá ń wò mí. Mo ní, “N kò bá ọ sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo lé e.” Ẹni tó jù mí lọ ni mo pè ní ìwọ yẹn. Ó wò mí títí. Kò bínú. Ó kàn ní, “Ó dáa, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó náà, kó sọ ọ́ lójú mi.” Àwọn ọlọ́pàá fẹ́ gbà. Èmi ni mo sọ pé dókítà kò fẹ́ kó rí ẹnikẹ́ni, áḿbọ̀ǹtórí ẹni tó pa á lọ́mọ. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Dáúdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù. Ó ṣẹ̀wọ̀n, lọ́rì rẹ̀ dípẹtà, kò pẹ́ tó jáde tó fi kú. Ẹ̀yin náà, Ìyàwó wa, ẹ kò rí oyún mìíràn mọ́, ẹ sì ń gégùn-ún fún un lọ́dọọdún, èmi ni mo sì ń ṣe àmín. Mo padà lọ gbé àpótí yẹn lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Kò sí ewé kan tó tutù nínú rẹ̀. N kò lè ṣí ọ̀kan kà. Mo dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé Òkè-Àfà, ẹ̀yin lẹ sì jáde sí mi tí ẹ ní, “Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀?” Ẹ tilẹ̀ fẹ́ bá mi pa iná náà.

Dáúdà ní ọmọbìnrin kan, Wàsílátù. Mo wá a títí mo fi rí i, búrẹ́dì ló ń tà ní Ìsọlọ̀. Mo máa ń lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo béèrè bàbá rẹ̀. Ó ní, “Títí wọ́n fi kú, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kò lé aboyún kankan. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ìyá mi gan-an kò gbà wọ́n gbọ́.” Mo gba búrẹ́dì, mo lọ.

Òun ni obìnrin tí ẹ rí ní pálọ̀ yẹn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é, kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá ń ṣìkẹ́ ju ènìyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo da ilé yín rú. Ìyàwó wa, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ bá mi ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò ní bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò lé yín. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ ṣí i.