Bọ́ọ̀lù tí A Jókòó Gbá ní Ọ̀bà-Ilé

Nígbà tí ara mi ṣì le díẹ̀... àbí kí ni mò ń sọ? Ara mi ò le rárá nígbà náà. Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Nígbà tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kúrò lára wa, mo ti lé ní ogójì ọdún. Ìsinkàn ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mò ń ránṣọ. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mò ń lò, torí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì láti kékeré ní Oǹdó.

Ìyá ìyá yín, Sísì Bọ́láńlé ẹ̀gbọ́n mi, òun ló pọ̀n mí lọ síléèwé. Òun ló pọ̀n mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A dàgbà tán, ó ṣì ń pọ̀n mí! Ó tiẹ̀ kó wá sí Àkúrẹ́ nítorí mi. N kì í bu omi mu fúnra mi. Ìfẹ́ ni lóòótọ́... àmọ́ ẹ gbọ́, ara mi ń kú lọ. Mo sanra, ìdí mi degbò, bí mo bá rẹ́rìn-ín lásán, mò ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì kan yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, ó pariwo: "Àǹtí, àìmira yìí ló máa pa yín! Apá yín le, ẹ lò ó!"

Òun ló júwe pápá iléèwé kan ní Ọ̀bà-Ilé fún mi. Ní gbogbo Sátidé, àwa aláàbọ̀ ara máa ń tẹ́ ẹní síbẹ̀, a ó so nẹ́ẹ̀tì rẹlẹ̀, a ó jókòó gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ìdí ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ lo máa fi wọ́ ara ẹ kiri. Yéè! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, n ò lè gbé abọ́ sókè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mò ń sùn dáadáa, egbò jinná, ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mo sọ fún Sísì? Ta ló bí mi? Bó bá ti lọ wo oko wa ní Oǹdó, onítakisí àdúgbò á gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ arọ mi, ó di Ọ̀bà-Ilé.

Ọ̀ràn dé lọ́jọ́ kan. Obìnrin méjì ń bọ̀ láti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rí wa. Arọ bíi mẹ́jọ lórí ẹní, kí lẹ rò pé wọ́n rò? Wọ́n ju owó sáàárín wa! Wọ́n gbàdúrà fún wa. Wọ́n wá lọ sọ fún Sísì pé àbúrò ẹ̀ ń ṣagbe.

Sátidé kejì, Sísì ò lọ sóko. Ó já wọ pápá. "Áà! Kí ni mo fi dù ọ́? Ṣé ebi ló ń pa ọ́? O fẹ́ ba orúkọ bàbá wa jẹ́!" Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Gun ẹ̀yìn mi, ká lọ."

Kí ni mo fẹ́ ṣàlàyé? Mo wọ́ dé ìdí kẹ̀kẹ́ arọ mi, mo ti ọwọ́ mọ́lẹ̀... mo gbé ara mi gorí ẹ̀. Èmi nìkan!

Sísì ò tíì mọ̀. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó yíjú padà, ó rí mi lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ta ni n ó wá máa pọ̀n báyìí?" Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Ó dùn mí, inú mi sì dùn.

Lónìí ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ yín pé, fóònù lẹ̀ ń tẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ wá ní mo ti dàgbà, kí n jókòó jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́ wo? Sátidé mà lòní! Wọ́n ń retí mi ní pápá... Bùsọ́lá, kí lo bẹ̀rẹ̀ níwájú mi fún? Dìde, ọmọ mi. Ẹ̀yìn tó fẹ́ràn mi jù láyé ni mo kọ̀. Ṣé tìẹ ni n ó wá gùn?