Kámíyọ̀ tòmátì tó ń gbọ̀n

Ibi tí mo ti ń dúró kí wọ́n lẹ táyà alùpùpù mi ní ẹsẹ̀ òkè Dásà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan tó kó tòmátì àti mẹkáníìkì àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ kámíyọ̀ awakọ̀ náà, ọkọ̀ ẹrù ńlá.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ti ń sáré ló ń gbọ̀n. Táyà ni mo rò pé ó jẹ́."

"Bí o bá yọ ọ́ kúrò ní jíà, tí ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀, ṣé gbígbọ̀n náà máa ń dúró?"

"Kì í dúró."

"Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mo yẹ táyà wò, wọ́n dára. Kàdánì ni, irin gígùn tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Oríkèé rẹ̀ ti gbó, ó ń ṣe jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Bó bá já lórí ìrìn, á gé páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí bíréèkì."

"Ẹ jọ̀ọ́, tòmátì ò lè sùn síbí. Ẹ jẹ́ kí n rọra máa lọ. Gbígbọ̀n ti òní gan-an ò tó ti àná."

"Kò dín kù, àbúrò. Ó ti mọ́ ọ lára ni. Wo ọwọ́ rẹ."

Èmi náà wò ó. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì tipẹ́, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ti mọ́ ọn lára lóòótọ́.

Awakọ̀ náà lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí tòun toyún, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Bọ́ sílẹ̀," ó ní. "A ò lọ mọ́."