Yàrá Tí Wọ́n Ní Afẹ́fẹ́ Rẹ̀ Kò Dáa

Ẹ̀n-ẹ́n, o dé! Wọlé, wọlé, má wulẹ̀ bọ́ bàtà, jókòó síbẹ̀ yẹn. Rárá, má tíì ṣàlàyé kankan, jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, torí ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń wọn afẹ́fẹ́ kiri ilé onílé ṣe fún mi, Ọlọ́run ló máa bá mi dá a!

Ṣebí ìwọ lo wá síbí lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn? O ní ìjọba ń wọn afẹ́fẹ́ inú ilé káàkiri orílẹ̀-èdè, o ní afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù, kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń yọ́ wọlé, tó bá ti pọ̀ jù, á máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo ní ó dáa. O gbé ike pẹ́ńpẹ́ kan tó máa wọn afẹ́fẹ́ náà kalẹ̀, o ní kí n gbé e sí yàrá tí àwọn ará ilé ti ń pẹ́ jù, kí n má fọwọ́ kàn án fóṣù mẹ́ta. Ṣé mo fọwọ́ kàn án? Mo búra, mi ò kàn án! Láràárọ̀ ni mò ń yọjú wò ó lẹ́nu ọ̀nà, màá ní "o jíire o", màá sì pa ilẹ̀kùn dé. Má rẹ́rìn-ín. Ta ni mo tún fẹ́ kí?

Yàrá ọmọ mi ni mo gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ ni, yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí láti ọdún mẹ́fà! Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ibo lo fẹ́ kí n gbé e sí, yàrá tèmi? Èmi tí mo ti lo ẹ̀dọ̀fóró mi gbó nínú eruku sìmẹ́ǹtì, ta ló fẹ́ mọ irú afẹ́fẹ́ tí mò ń mí? Ibi tí ọmọ mi àti ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn máa sùn tí wọ́n bá wálé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Kí eruku má bàa bà á jẹ́, mo pa fèrèsé dé, mo tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni!

Ẹn, nọ́ńbà fóònù. Mo mọ̀ pé o máa débẹ̀. Níbi tí fọ́ọ̀mù yín ti béèrè ẹni tí ẹ máa fi èsì ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà ọmọ mi ni mo kọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Mo ní tí èsì bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó di dandan kó pè mí.

Ó sì pè mí lóòótọ́! Oṣù méje tí mi ò ti gbóhùn ẹ̀, mo sáré gbé fóònù débi pé ife ọwọ́ mi já bọ́, ó fọ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ti kọjá ààlà ní ìlọ́po mẹ́ta o. A ò ní lè kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀ mọ́." Kò tiẹ̀ dùn ún! Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Ilé tí èmi bíríkìlà fọwọ́ ara mi kọ́! Èmi ni mo po kọnkéré ilẹ̀ yàrá yẹn, ìyá ẹ̀ ló ń bu omi sí i, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Kí lo wí? Tún un sọ. Pé torí yàrá yẹn wà ní títì pa ló ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Pé kí n dí ojú ibi tó sán nínú ilẹ̀, kí n máa ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ wá tún un wọ̀n? Gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré! Háà, kí ló dé tó o wá ń sọ ọ́ fún èmi?

Gbọ́ mi, mi ò fẹ́ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ "ẹ má bínú". Pe ọmọ mi. Nísinsìnyí, lójú mi. Sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, pé ó ní àtúnṣe. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀, mi ò tíì fojú kàn án rí! Má lo fóònù tèmi o, tìẹ ni kó o lò. Tó bá rí nọ́ńbà mi, kò ní gbé e.

Ó ń dún? Jẹ́ kó máa dún, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó...

Ó ti gbé e? Kíá báyẹn?