Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Síwájú Mọ́tò Màmá Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá fẹ́ gbá mi létí, kó dákun jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná, torí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbá mi, màá gbàgbé ibi tí mo bá a dé. Ọ̀rọ̀ tí màmá ń rí lára mọ́tò tuntun tẹ́ ẹ rà fún wọn, èmi ni mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí màmá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tá a ti ń fọ mọ́tò, wọ́n jókòó tì mí, wọn ò jẹ́ n mí. "Nu abẹ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa, jàre. Ọwọ́ mi lo bọ́ sí lọ́jọ́ tí ìyá ẹ bí ẹ. Kó o tiẹ̀ ké, ọ̀lẹ ò jẹ́, àfìgbà tí mo gbá ẹ nídìí." Kúkúrú tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi. Kẹ́míkà kan wà tá a máa ń fi pa ara mọ́tò tuntun. Tó bá ti gbẹ, á le bíi gíláàsì, omi ò ní lè dúró lórí ẹ̀, á kàn máa yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ ni. Kó tó gbẹ, mo fi aṣọ we ìka, mo nù ún kúrò níwájú mọ́tò bíi lẹ́tà: MO Ń BỌ̀. Tí mọ́tò bá gbẹ, ẹ ò lè rí nǹkan kan. Àmọ́ tí ìrì bá sẹ̀ láàárọ̀, omi á dúró síbi tí mo nù yẹn, ọ̀rọ̀ náà á yọ gbàgàdà. Mo rò pé wọ́n á rí i, wọ́n á bú mi, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wakọ̀ dé, ètè wọn ti gbẹ. "Ọ̀gá, ẹnì kan ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀. Kí n tó pe èèyàn wá wò ó, oòrùn á ti nù ún." Ọ̀gá wa yí mọ́tò po, kò rí nǹkan kan. Ó bi mí: "Ìwọ ńkọ́?" Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ẹ̀rù bà mí, mo da gbogbo omi náà sẹ́sẹ̀ ara mi. "Mi ò rí nǹkan kan, sà." Ọ̀gá ní kí n fi kẹ́míkà tún iwájú ẹ̀ pa, kọ́kàn màmá lè balẹ̀. Ibí gan-an lẹ ti máa gbá mi. Kúkúrú, tó mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, sọ sí mi létí pé, "Fi ọjọ́ sí i, kí wọ́n lè ráyè múra." Dípò kí n pa á rẹ́, mo fi kún un: LỌ́LA.

Màmá rí i. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n pín gbogbo ṣíbí ilé fáwọn ará àdúgbò, wọ́n dùbúlẹ̀ dè é. Ọ̀la dé, ó kọjá, wọ́n ní bóyá onítọ̀hún ṣìnà ni. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọn ò fẹnu kan oúnjẹ. Lánàá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì kékeré kan lé mi lọ́wọ́. "Òun ni mo fi gé ìwọ́ ẹ. Máa mú un lọ. Níbi tí mò ń lọ, wọn kì í bímọ níbẹ̀." Látìgbà yẹn, tí mo bá dijú báyìí, màá gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, nínú àpò mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù ba àgbàlagbà, kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀rù kúrò lára èèyàn. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Màmá, ẹ foríjì mí. Mo ti pọnmi wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín dé ojú fèrèsé, kẹ́ ẹ máa wò mí bí mo ṣe ń dà á sára mọ́tò, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Sísọ́ọ̀sì yín rèé, ẹ gbà á padà. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹun.